Tábìlì lásán, PostgreSQL, Oracle, ORM àbí JSON: ìfiwéra fún ẹni tó fẹ́ fi ọgbọ́n object kún dátábéèsì rẹ̀

Ní Oṣù Kẹjọ, nígbà tí àlejò ọdún Ọ̀ṣun bá kún Òṣogbo, ilé aró tí mo ń bá tọ́jú àkọsílẹ̀ lẹ́bàá Ọjà Ọba kì í ráyè mí. Aṣọ ń ti ọwọ́ aláró wọlé, aṣọ ń ti ẹnu ọ̀nà jáde, oníbàárà ń nájà lọ́tùn-ún lósì. Ìyá tó ni ilé aró á wá ké sí mi láti ibi tí wọ́n jókòó sí: "Ọmọ mi, bá mi wò ó. Ẹlẹ́kọ oní-Ìbàdàndùn mélòó ló kù?" Àdìrẹ tó ní àpẹẹrẹ tí a ń pè ní Ìbàdàndùn ni wọ́n ń béèrè, ó sì yẹ kí n lè dá wọn lóhùn kí oníbàárà tó yí ẹsẹ̀ padà. Lọ́dún tí mo kọ́kọ́ kọ ètò náà, n kò lè dá wọn lóhùn. Ohun tó sì fà á ni ọ̀nà tí mo yàn láti fi kó oríṣiríṣi aṣọ sínú dátábéèsì.

Mo kọ ìfiwéra yìí fún ẹ̀yin tí ẹ wà níbi tí mo wà nígbà náà. Ẹ ti ní dátábéèsì onítábìlì, tàbí ẹ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ọ̀kan, ẹ sì ti rí i pé àwọn nǹkan tí ẹ fẹ́ kọ sínú rẹ̀ jẹ́ ìdílé: wọ́n jọra níbì kan, wọ́n yàtọ̀ níbòmíràn.

Ibi tí wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀

Ẹ wo àdìrẹ. Gbogbo àdìrẹ ló ní nọ́ńbà, yáàdì, iye owó, orúkọ ẹni tó rẹ ẹ́ àti ọjọ́ tó kúrò nínú ìkòkò aró. Lẹ́yìn èyí, oníkálukú ló ní tirẹ̀. Ẹlẹ́kọ ní àpẹẹrẹ tí a fi ẹ̀kọ yà sára rẹ̀, ó sì ní iye ìgbà tí a rì í sínú aró kí a tó họ ẹ̀kọ náà kúrò. Oníko ní bí a ṣe dì í. Alábẹ́rẹ́ ní irú rírán tí a fi ká a. Alábẹ́là ní ìda, ó sì sábà máa ń ní ju àwọ̀ kan lọ. Ọmọ bàbá kan ni gbogbo wọn, ṣùgbọ́n ẹrù ọ̀kan kò wọ inú àpò èkejì.

Dátábéèsì onítábìlì, tí Edgar Codd gbé ìmọ̀ rẹ̀ kalẹ̀ ní 1970 nígbà tó ń ṣiṣẹ́ ní IBM, kò mọ ọmọ bàbá kan. Ìlà àti òpó ló mọ̀, gbogbo ìlà inú tábìlì kan ló sì gbọ́dọ̀ ní òpó kan náà. Ẹni tó ń fi Java, Python tàbí PHP kọ ètò ń rò ó lọ́nà mìíràn. Lójú tirẹ̀, àdìrẹ jẹ́ kíláàsì. Ẹlẹ́kọ àti oníko jẹ́ ọmọ tó jogún ohun tí bàbá ní, tí wọ́n sì fi tiwọn kún un. Iṣẹ́ tí nǹkan kan lè ṣe sì ń bá nǹkan náà gbé. Nǹkan bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè ní object.

Àlàfo yìí ti pẹ́. Michael Stonebraker àti Lawrence Rowe bẹ̀rẹ̀ POSTGRES ní Yunifásítì Califọ́níà ní Berkeley ní 1986, nítorí pé nǹkan bí àwòrán ilẹ̀ àti àwòrán iṣẹ́ ẹ̀rọ kò rọrùn láti kó sínú àwọn dátábéèsì onítábìlì tó wà nígbà náà. Ní 1989, àwọn onímọ̀ kan gbé ìkéde jáde lórí ohun tí dátábéèsì object pọ́ńbélé gbọ́dọ̀ jẹ́. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Stonebraker àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fèsì pé kò yẹ kí a da tábìlì nù, ohun tó yẹ ni kí a fi àbùdá object kún un. Oracle fi tirẹ̀ sínú Oracle8 ní 1997, òfin SQL:1999 (SQL ni èdè tí a fi ń bá dátábéèsì sọ̀rọ̀) sì wá gba irú tí oníṣẹ́ fúnra rẹ̀ dá àti àjogúnbá wọlé. Ìdí nìyẹn tí ọ̀nà fi pọ̀ níwájú wa lónìí.

Ohun tí mo fi ń wọ̀n wọ́n

Mo ń wo owó: láìsẹ́ńsì, mẹ́mọ́rì tí sáfà nílò, àti wákàtí tí ẹ ó fi kọ́ ọ. Mo ń wò ó bóyá dátábéèsì fúnra rẹ̀ yóò kọ̀ láti gba àkọsílẹ̀ tó bàjẹ́, àbí ẹ̀yin ni ẹ ó máa ṣọ́ ọ. Mo ń wo bí ìbéèrè ṣe rọrùn tó, nítorí ẹni tó ni ọjà kì í fẹ́ dúró.

Èyí tí mo fi ṣe olórí gbogbo wọn ni pé ta ni yóò ṣí i lẹ́yìn yín? Ní Òṣogbo níbí, ọmọ tó bá mọ iṣẹ́ yìí dáadáa kì í pẹ́ kó tó gba Èkó lọ tàbí kó ré òkun kọjá. Ẹni tó máa gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lè jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ tó wá ṣe IT fún oṣù mẹ́fà, ó sì lè jẹ́ ọmọ Ìyá fúnra wọn. Bí kò bá lè ka ohun tó wà nínú dátábéèsì, ilé aró á padà sínú ìwé nóòtù, gbogbo owó àti òru tí a fi ṣe é á sì lọ lásán.

Iná tó ń lọ lójijì kò sí lára òṣùwọ̀n mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ni ẹ̀rù máa ń ba ènìyàn jù. PostgreSQL, Oracle àti InnoDB, apá MySQL tó ń tọ́jú tábìlì, ló ń kọ ìyípadà sínú log, ìyẹn ìwé ìyípadà, kí wọ́n tó fọwọ́ kan tábìlì gan-an. Bí dísíìkì bá dára, ohun tí wọ́n bá ti jẹ́rìí pé àwọn ti gbà kì í bá iná lọ. Ẹsẹ̀ wọn dọ́gba lórí èyí.

Tábìlì lásán, tí a tò dáadáa

Ọ̀nà yìí kò lo àbùdá object kankan, ṣùgbọ́n òun ni gbogbo ìyókù gbọ́dọ̀ bá díje. Tábìlì kan yóò wà fún ohun tí gbogbo aṣọ jọ ní, tábìlì kékeré kan yóò sì wà fún irú kọ̀ọ̀kan:

CREATE TABLE aso (
  nonba integer PRIMARY KEY,
  iru text NOT NULL,
  yaadi numeric NOT NULL,
  owo numeric NOT NULL,
  UNIQUE (nonba, iru)
);

CREATE TABLE eleko (
  nonba integer PRIMARY KEY,
  iru text DEFAULT 'eleko' NOT NULL CHECK (iru = 'eleko'),
  apeere text NOT NULL,
  FOREIGN KEY (nonba, iru) REFERENCES aso (nonba, iru)
);

Ẹ fara balẹ̀ wo òpó iru tó wà nínú tábìlì méjèèjì. Òun ló ń ṣe ẹ̀ṣọ́. Nọ́ńbà 417 kò lè wà lẹ́ẹ̀mejì nínú aso, nítorí PRIMARY KEY. Bí aso bá sì ti pè é ní ẹlẹ́kọ, kò sí bí ẹnikẹ́ni ṣe lè kó o sínú tábìlì oníko, nítorí foreign key, òfin tó ní ohun tí ìlà kan tọ́ka sí gbọ́dọ̀ wà nínú tábìlì kejì, yóò wá 417 tó jẹ́ oníko, kò sì ní rí i. Tábìlì ọjà títà lè tọ́ka sí aso láìsí ìjà. Gbogbo èyí ń ṣẹlẹ̀ nínú dátábéèsì, ì báà jẹ́ ọwọ́ ènìyàn tàbí prógíráàmù ló gbé àkọsílẹ̀ wọlé.

Ohun tó ń náni ni pé aṣọ kan ń gba INSERT méjì, ẹ sì gbọ́dọ̀ fi transaction kan so wọ́n pọ̀, kí méjèèjì wọlé tàbí kí ọ̀kankan má wọlé. Ẹni tó bá fẹ́ rí aṣọ pẹ̀lú gbogbo àlàyé rẹ̀ gbọ́dọ̀ JOIN, ìyẹn kó so àwọn tábìlì pọ̀ nínú ìbéèrè. Irú mẹ́rin ni ilé aró ní, nítorí náà view kan péré, ìyẹn ìbéèrè tí a fún ní orúkọ tí a sì fi pamọ́, ti tó láti kó gbogbo rẹ̀ jọ. Bí irú bá di ogójì, tí tuntun sì ń wọlé lóṣooṣù, ọ̀rọ̀ yí padà.

Ó ń ṣiṣẹ́ lórí PostgreSQL, Oracle àti MySQL pẹ̀lú àtúnṣe díẹ̀ sí orúkọ irú òpó. Kìkì pé lórí MySQL, ẹ rí i pé kò kéré sí 8.0.16, nítorí àwọn tó ṣáájú rẹ̀ máa ń gba CHECK wọlé láì tẹ̀ lé e. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ti ka SQL fún sáà kan yóò mọ ohun tó ń wò.

PostgreSQL

Níbí ni mo ti fẹ́ pẹ́ díẹ̀. PostgreSQL ni ọmọ POSTGRES ti 1986. Ó gba orúkọ tó ń jẹ́ báyìí ní 1996. Ọ̀fẹ́ ni, ó ń ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà alágbèéká tí kò lágbára púpọ̀, òun sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń tọ́ka sí bí wọ́n bá fẹ́ àpẹẹrẹ dátábéèsì onítábìlì tó ní ọgbọ́n object. Òun náà ni mo kọ́kọ́ lò fún ilé aró, èyí tó sì wù mí jù nínú rẹ̀ ni àjogúnbá:

CREATE TABLE eleko (apeere text, igba_riri integer) INHERITS (aso);

Ìlà kan péré, ẹlẹ́kọ ti jogún gbogbo òpó aso. Bí ẹ bá béèrè lọ́wọ́ aso, ẹ ó rí ti bàbá àti ti ọmọ pọ̀. Bí ẹ bá fi ONLY sí i, ti bàbá nìkan ni ẹ ó rí. Bí mo ṣe ń rò ó lórí gan-an ló ṣe rí lójú mi, mo sì kọ gbogbo ètò náà lé e lórí.

Ohun tí n kò fara balẹ̀ kà nínú ìwé ìtọ́sọ́nà rẹ̀ ni pé ogún yìí kò kan gbogbo nǹkan. Òpó ń kọjá sọ́dọ̀ ọmọ, CHECK ń kọjá, NOT NULL ń kọjá. PRIMARY KEY, UNIQUE àti FOREIGN KEY kì í kọjá. Mo kọ́kọ́ rí i lọ́jọ́ tí a fẹ́ ta ẹlẹ́kọ àkọ́kọ́. Tábìlì ọjà títà ní foreign key tó tọ́ka sí aso, PostgreSQL sì kọ̀ jálẹ̀ pé òun kò rí aṣọ náà, nítorí inú tábìlì aso gan-an ló ń wò, kì í wo inú ti ọmọ. Dípò kí n dúró bi ara mi léèrè ìdí rẹ̀, mo yọ foreign key náà kúrò kí iṣẹ́ lè máa lọ.

Lẹ́yìn náà ni ti nọ́ńbà dé. Nọ́ńbà tó wà lára tíkẹ́ẹ̀tì tí a ń so mọ́ aṣọ ni a ń tẹ̀ wọlé, ìwé tíkẹ́ẹ̀tì méjì sì ni ilé aró ń lò lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹlẹ́kọ kan gba 417, oníko kan náà gba 417, dátábéèsì kò sì sọ̀rọ̀, nítorí tábìlì ọmọ kọ̀ọ̀kan ń ṣe tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ọ̀sẹ̀ ọdún Ọ̀ṣun ni ó hàn. Oníbàárà kan gbé oníko síwájú wa, kọ̀ǹpútà sì mú owó ẹlẹ́kọ jáde. Nígbà tí Ìyá béèrè iye ẹlẹ́kọ oní-Ìbàdàndùn tó kù, mo mọ̀ pé iye tí mo rí lójú ẹ̀rọ kì í ṣe òótọ́. Mo sọ fún wọn pé, "Ẹ má bínú, Ìyá, ẹ jẹ́ kí a lọ fọwọ́ kà á." Wọ́n dìde lórí àpótí wọn, wọ́n sì bá mi lọ kà á. Ọ̀rọ̀ yẹn ṣì ń dùn mí.

Tẹ́lẹ̀, àwọn ènìyàn ń lo INHERITS láti pín tábìlì ńlá sí wẹ́wẹ́, bóyá oṣù kan sí tábìlì kan. Láti ẹ̀dà 10, tó jáde ní 2017, PARTITION BY ti gba iṣẹ́ yẹn. N kò wá rí ìdí tí ilé iṣẹ́ kékeré fi gbọ́dọ̀ lò ó mọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ má torí ọmọ kan tó ṣìwà hù lé gbogbo ìdílé jáde. Ohun mẹ́rin mìíràn wà nínú PostgreSQL tí wọ́n jẹ́ ọgbọ́n object, tí kò sì sí èyí tí mo kábàámọ̀ nínú wọn.

DOMAIN, irú òpó tí ẹ fi òfin tiyín kún, ni mo fẹ́ràn jù, ó sì kan gbogbo ẹni tó ń kọ Yorùbá sínú kọ̀ǹpútà. Ẹ wo ọ̀rọ̀ náà "ẹlẹ́kọ". Lẹ́tà kejì tó jẹ́ ẹ nínú rẹ̀ ní àmì lábẹ́ àti ohùn lórí. Fóònù kan lè kọ ọ́ bí ẹ tí a fi ohùn lé lórí, òmíràn lè kọ ọ́ bí é tí a wá fi àmì sí lábẹ́, òmíràn sì lè kọ e lásán kó tó to àmì méjèèjì tẹ̀ lé e. Ojú kò lè dá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ̀ yàtọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni lójú dátábéèsì. Bí ẹ bá wá a pẹ̀lú ọ̀kan, méjì yòókù á fara pamọ́, aṣọ á wà nílé, kọ̀ǹpútà á sì sọ pé kò sí. Láti ẹ̀dà 13, tó jáde ní 2020, PostgreSQL lè yẹ̀ ẹ́ wò, bí dátábéèsì yín bá wà lórí UTF8:

CREATE DOMAIN oruko_apeere AS text CHECK (VALUE IS NFC NORMALIZED);

Láti ìgbà náà lọ, ẹ lè fi oruko_apeere ṣe irú òpó èyíkéyìí dípò text. Òpó tó bá jẹ́ irú yìí kò ní gba ọ̀rọ̀ tí a kò tò bó ṣe yẹ, iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní normalize() yóò sì tún un tò fún yín kó tó wọlé. Ìwọ̀nba ni iṣẹ́ tó gbà mí, ó sì ti gbà wá lọ́wọ́ wàhálà tó ju ti INHERITS lọ.

Èkejì ni iṣẹ́ tó ń bá ìlà gbé. Bí ẹ bá kọ function kan tó ń jẹ́ gbese, tó ń gba ìlà kan láti inú tábìlì onibara, ẹ lè béèrè rẹ̀ bí ẹni pé òpó ni:

SELECT o.oruko, o.gbese FROM onibara o;

Kò sí òpó gbese níbẹ̀. Ìṣirò ni, ó sì wà lójú kan ṣoṣo. Prógíráàmù orí fóònù, ìjábọ̀ oṣù àti ẹni tó jókòó sí psql, níbi tí a ti ń tẹ SQL tààrà, yóò rí iye kan náà. Kí n tó ṣe é, ibi mẹ́ta ni a ti ń ṣírò gbèsè, iye mẹ́ta ni a sì ń rí.

Ẹ̀kẹta ni irú alákòópọ̀ àti array, ìyẹn àtòjọ ohun púpọ̀ nínú òpó kan. Mo máa ń fi text[] pa nọ́ńbà fóònù oníbàárà mọ́, nítorí ẹni tó ní láìnì kan ṣoṣo kò pọ̀ mọ́. Ẹ má fi array pa ohun tó gbọ́dọ̀ tọ́ka sí tábìlì mìíràn mọ́ o, nítorí foreign key kò ṣiṣẹ́ lórí ohun tó wà nínú rẹ̀.

Ẹ̀kẹrin ni irú tuntun tí ẹlòmíràn ti kọ́ fún yín. PostGIS, tó ti wà láti 2001, fi ààlà ilẹ̀ àti ojú ibi ṣe irú gidi, pẹ̀lú iṣẹ́ tirẹ̀ àti atọ́ka tirẹ̀. Bí ẹ bá ń bá àwọn awọnlẹ̀ ṣiṣẹ́, tábìlì lásán kò ní gbé yín débì kankan. Ohun tí Stonebraker ń lé ní 1986 gan-an nìyẹn, ó sì bọ́ sí i.

Oracle

Lórí àjogúnbá, Oracle ṣe é dáadáa ju PostgreSQL lọ, mo sì fẹ́ kí ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ ó dá aso_t bí irú object, ẹ ó dá eleko_t sábẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú UNDER, èyí tó wọlé pẹ̀lú Oracle9i ní 2001, ẹ ó sì so iṣẹ́ mọ́ irú náà gan-an. Tábìlì object kan ṣoṣo ló máa gba ẹlẹ́kọ àti oníko pọ̀. Nítorí pé tábìlì kan ni, primary key kan ló ń ṣọ́ gbogbo wọn. Wàhálà 417 mi kì bá tí ṣẹlẹ̀ níbẹ̀.

Owó ni ìṣòro àkọ́kọ́. Lórí ìwé owó tí Oracle fúnra rẹ̀ ń gbé jáde, iye tó ti wà fún ọ̀pọ̀ ọdún ni $47,500 fún processor kan fún Enterprise Edition, àti $17,500 fún Standard Edition 2. Owó ìtọ́jú ọdọọdún, ìdá 22 nínú ọgọ́rùn-ún, tún wà lórí rẹ̀. Kò sí ilé aró tó ń ronú rẹ̀. Ẹ̀dà ọ̀fẹ́ wà, ó sì ní àbùdá object, ṣùgbọ́n kò gbà ju 12 GB àkọsílẹ̀, 2 GB mẹ́mọ́rì àti thread méjì lọ. 12 GB pọ̀ fún ilé aró. Kò pọ̀ fún ilé ìwòsàn tó ń tọ́jú àwòrán.

Ìṣòro kejì ló kan olórí òṣùwọ̀n mi. Irú tí tábìlì bá ti gbára lé kì í rọrùn láti yí padà. Ẹ gbọ́dọ̀ mọ ALTER TYPE àti CASCADE, ẹ sì gbọ́dọ̀ mọ ohun tí wọn yóò gbé dání. REF tó ń tọ́ka láti ìlà kan sí òmíràn lè máa tọ́ka sí òfìfo bí a bá pa ìlà náà rẹ́, àyàfi tí ẹ bá fi òfin dè é. Bí ẹni tó ń ṣe ìṣirò owó bá fẹ́ kó àkọsílẹ̀ sínú Excel, ẹnìkan gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kọ view tó máa tú object wọ̀nyẹn sí òpó lásán. Akẹ́kọ̀ọ́ tó wá ṣe IT kò ní mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀.

ORM

Níhìn-ín, dátábéèsì kò yí padà. Object wà nínú prógíráàmù, ohun kan tó wà láàárín, tí wọ́n ń pè ní ORM, ló sì ń túmọ̀ rẹ̀ sí tábìlì: Hibernate fún Java láti 2001, SQLAlchemy àti Django fún Python, Eloquent ti Laravel fún PHP. Bí ẹ bá kọ class Eleko(Aso) nínú Django, yóò dá tábìlì méjì tó so mọ́ra, ó súnmọ́ bí mo ṣe tò wọ́n lókè. Ọ̀fẹ́ ni gbogbo wọn, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó ń kọ́ iṣẹ́ ní ìlú yìí sì ti mọ Laravel tàbí Django kí wọ́n tó mọ SQL. Ẹ ka ìyẹn sí àǹfààní nígbà tí ẹ bá ń wá arọ́pò.

Ohun méjì ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Ti àkọ́kọ́, òfin tí ẹ kọ sínú Python kò sí nínú dátábéèsì. Bí ẹnìkan bá gba pgAdmin tàbí phpMyAdmin, ètò tí a fi ń ṣí dátábéèsì tààrà, wọlé, òfin náà kò rí i. Django pàápàá kò ní dá ẹnikẹ́ni dúró kó má ṣe so ẹlẹ́kọ àti oníko mọ́ nọ́ńbà aṣọ kan náà. Ẹ̀yin ni ẹ ó fi òfin yẹn kún un.

Ti kejì, ìbéèrè ń pọ̀ láìjẹ́ pé ẹ rí i. Ẹ gbà pé ẹ ní ojú ìwé kan tó ń fi 200 aṣọ àti orúkọ aláró kọ̀ọ̀kan hàn. Bí ẹ kò bá kìlọ̀ fún ORM, yóò béèrè àwọn aṣọ lẹ́ẹ̀kan, yóò sì tún padà lọ béèrè aláró fún ọ̀kọ̀ọ̀kan: ìbéèrè 201. Bí prógíráàmù bá wà lórí kọ̀ǹpútà ilé aró, tí dátábéèsì sì wà lórí sáfà ní Yúróòpù, tí ìrìnàjò kan sì ń gba ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá, ogún ìṣẹ́jú àáyá ni Ìyá yóò fi dúró. Lílo select_related nínú Django tàbí with nínú Eloquent á sọ ọ́ di ìbéèrè kan tàbí méjì. Ẹ tan log ìbéèrè sílẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá ń kọ́ ọ, kí ẹ máa kà á.

JSON nínú òpó kan

JSON jẹ́ ọ̀nà láti kọ ọ̀pọ̀ àlàyé pọ̀ sójú kan, tí oníkálukú ní orúkọ tirẹ̀. MySQL gba irú JSON wọlé ní ẹ̀dà 5.7 ní 2015. PostgreSQL ti ní jsonb láti 9.4 ní 2014, pẹ̀lú atọ́ka GIN tó ń jẹ́ kí ìwádìí yá. Ohun tí gbogbo aṣọ jọ ní yóò wà nínú òpó gidi, ìyókù yóò wọ inú òpó kan tó ń jẹ́ ekunrere. Irú tuntun kò béèrè tábìlì tuntun.

Ewu rẹ̀ ni pé kò sẹ́ni tó ń ṣọ́ orúkọ inú rẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, láàárín oṣù méjì, a ní "apeere", "Apeere" àti "àpẹẹrẹ", mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lójú kọ̀ǹpútà. Òṣùwọ̀n tí mo wá ń lò rọrùn: ohun tí a ó fi wá aṣọ, tí a ó fi ṣe ìṣirò, tàbí tí a kò gbọ́dọ̀ má ní, ó yẹ kó ní òpó tirẹ̀. Ohun tí a kàn fẹ́ kà lójú nígbà mìíràn lè wọ inú JSON. Àpẹẹrẹ gba òpó tirẹ̀. "Oníbàárà ní kí a má fi ọṣẹ líle fọ̀ ọ́" wọ inú ekunrere.

Dátábéèsì object pọ́ńbélé

N kò ní pẹ́ níbí. Wọ́n dára fún iṣẹ́ kan péré tí kò ní bá ẹlòmíràn pín àkọsílẹ̀, ṣùgbọ́n ewu arọ́pò wọn pọ̀ jù. db4o, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fẹ́ràn, bọ́ sọ́wọ́ ilé iṣẹ́ Versant ní 2008, Versant bọ́ sọ́wọ́ ilé iṣẹ́ Actian ní 2012, kò sì pẹ́ tí wọ́n fi pa db4o tì. Ẹni tó ti kó àkọsílẹ̀ ọjà rẹ̀ sínú rẹ̀ ní láti wá ọ̀nà kó wọn jáde fúnra rẹ̀.

Ta ni kó mú èwo?

Bí irú tí ẹ ní kò bá ju mẹ́wàá lọ, tí wọn kì í sì í yí padà lójoojúmọ́, bíi ti ilé aró, ilé ìwòsàn kékeré tàbí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ẹ fi tábìlì lásán ṣe ìpìlẹ̀ lórí PostgreSQL. Ẹ fi DOMAIN ṣọ́ ọ̀rọ̀ Yorùbá, ẹ fi function ṣe ìṣirò owó, ẹ sì fi òpó jsonb kan sílẹ̀ fún àwọn ohun wẹ́wẹ́. Ohun tí mo ń lò báyìí nìyẹn.

Bí sáfà tí ẹ san owó rẹ̀ bá jẹ́ èyí tó ń fún yín ní MySQL nìkan, bó ṣe rí fún ọ̀pọ̀ wa, ẹ má wá CREATE TYPE tàbí INHERITS, kò sí níbẹ̀. Tábìlì lásán pẹ̀lú Eloquent tàbí Django yóò tó yín, níwọ̀n ìgbà tí ẹ bá kọ foreign key sínú dátábéèsì gan-an.

Ẹni tó ń ta ọjà oríṣiríṣi, láti fóònù dé bàtà dé ìkòkò, tí irú tuntun ń wọlé sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Ìgbọ́nà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kó mú JSON, kó sì yan ẹnìkan tí yóò máa ṣọ́ orúkọ inú rẹ̀. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ mọ́ ilẹ̀, kó mú PostGIS láìwo ẹ̀yìn. Oracle yẹ fún ilé iṣẹ́ tó ti ń san owó rẹ̀ tẹ́lẹ̀, tó ní ẹni tó mọ̀ ọ́n lórí ìjókòó, tí ìdílé ohun tó ń tọ́jú sì jìn gan-an.

Ẹni tó bá ti lo INHERITS bíi tèmi, kó má dúró. Ẹ kọ́kọ́ wá nọ́ńbà tó wà lẹ́ẹ̀mejì:

SELECT nonba, count(*) FROM aso GROUP BY nonba HAVING count(*) > 1;

Lẹ́yìn náà, ẹ wá ọjà títà tí kò ní aṣọ:

SELECT t.* FROM oja_tita t LEFT JOIN aso a ON a.nonba = t.nonba WHERE a.nonba IS NULL;

Ẹ fi ojú ara yín àti tíkẹ́ẹ̀tì tó wà lára aṣọ yanjú ohun tó bá jáde, ẹ má jẹ́ kí kọ̀ǹpútà bá yín yan. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí ẹ dá àwọn tábìlì tuntun, kí ẹ kó gbogbo rẹ̀ kọjá nínú transaction kan ṣoṣo, kí ẹ sì dá foreign key tí ẹ yọ padà. Ọjọ́ méjì ló gbà mí, ọ̀kan nínú wọn sì lọ sórí kíka aṣọ. Ẹ ṣe é ní oṣù tí ọjà bá rọ̀, kí Oṣù Kẹjọ tó dé.